Bí A Ṣe Ń Sọ Ọ̀rọ̀ Àná ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá ní ojú ẹni tí ó kàn ń kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ gírámà ni. Àwọn kan yóò sì sọ pé gírámà kì í ṣe ohun tí a fi ń kọ àròkọ, pé ojú pátákó ni àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ti rí i pé nínú gbogbo ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ Yorùbá ń kọ́, kò sí èyí tí ó sún mọ́ ọkàn rẹ̀ bí ẹ̀kọ́ tí a fi ń sọ ohun tí ó ti kọjá. Nítorí kí ni ọmọdé ní láti sọ? Kò tíì ní ilé, kò ní oko, kò sì ní oyè. Ohun tí ó rí ní àná, ohun tí wọ́n ṣe fún un, ibi tí ó lọ àti ohun tí ó ti ibẹ̀ mú bọ̀, ìyẹn ni gbogbo ohun ìní rẹ̀. Bí kò bá rí ẹnu fi sọ ọ́, a jẹ́ pé ó di tálákà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé kí a tó wo òde. Ní èdè tiwa, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í pa aṣọ dà. "Lọ" ni ní òní, "lọ" náà ni ní àná, "lọ" náà ni yóò sì jẹ́ ní ọ̀la. Bí a bá sọ pé, "Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́," ẹni tí ó gbọ́ mọ̀ pé a ti lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò fi ohunkóhun kún ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá fẹ́ sọ pé iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́, a ó fi "ń" sí iwájú rẹ̀. "Ń" yìí kò sì bìkítà bóyá òní ni tàbí àná, a lè sọ pé, "Mo ń lọ nísinsìnyí," a sì tún lè sọ pé, "Mo ń lọ nígbà tí òjò dé." Bí iṣẹ́ bá ti parí kí nǹkan mìíràn tó bẹ̀rẹ̀, "ti" ń bẹ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìṣe tí ó ti mọ́ ni lára, "máa ń" ń bẹ níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi ojú sí. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe wa ni ó ń sọ ti àná bí a bá fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. "Mo ra ìwé" jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tí ó ti kọjá. Ṣùgbọ́n "Mo fẹ́ ìwé" jẹ́ ọ̀rọ̀ ìsinsìnyí. Ohun tí ó fà á ni pé rírà jẹ́ ìṣe tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ṣùgbọ́n fífẹ́ jẹ́ ipò tí ọkàn ènìyàn wà. Nítorí náà ni ọmọ tí ó bá sọ pé "I want a book" fi ń gba ìyìn, tí èyí tí ó sọ pé "I buy a book yesterday" fi ń gba pàṣán, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà ronú. Àwọn méjèèjì mú ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá wọn ti kọ́ wọn, wọ́n sì gbé e wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì gba ti ọ̀kan, ó kọ ti èkejì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ìhín rò pé èdè Yorùbá kò mọ àná yàtọ̀ sí òní. A ní àná, a ní ìjẹta, a ní èṣí, a ní ìdúnta, a ní "nígbà kan rí" àti "láéláé." Gbogbo gbólóhùn ni ó ń ru ẹrù ìgbà pọ̀; a kò di í lé ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan lórí. Olóyè tí ó ń pìtàn ìlú rẹ̀ kò ṣì í sọ rí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń gbọ́ ọ kò ṣì í gbọ́.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n di ẹrù náà lé. Bí a fẹ́ bí a kọ̀, bí a tilẹ̀ pe "yesterday" ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú gbólóhùn kan, bí ọ̀rọ̀-ìṣe kò bá pa aṣọ dà, wọn yóò ní a ṣì í sọ. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a fi "-ed" sí ìdí rẹ̀: "play" á di "played," "walk" á di "walked," "want" á di "wanted." Ojú rí i pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n etí kò gbọ́ wọn bákan náà. Nínú "played," ìró "d" ni a gbọ́. Nínú "walked," ìró "t" ni. Nínú "wanted," ìró bí "id" ni, ó sì fi ìdajì kún gígùn ọ̀rọ̀. Òfin rẹ̀ kò le. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ní ìró "t" tàbí "d" ní ìparí tẹ́lẹ̀, "id" ni a ó gbọ́, bí ti "ended." Bí ó bá parí sí ìró tí kì í mú ọ̀fun gbọ̀n, bí ti "help," "walk," "laugh," "pass" àti "wash," "t" ni a ó gbọ́. Ní ti ìyókù, "d" ni. Kí ọmọ fi ìka kan ọ̀fun rẹ̀ bí ó ti ń pe òpin ọ̀rọ̀ náà, ìka rẹ̀ yóò sọ fún un.

Ibi tí ìṣòro wà ni èyí: fáwẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ Yorùbá fi ń parí, ìbáà ṣe ti ẹnu tàbí ti imú. Kò sí ọ̀rọ̀ wa kan tí ó gún "t" tàbí "k" mọ́ ìdí. Etí ọmọ tí a tọ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní ìkọ́ tí yóò fi gbé "t" kékeré tí ó wà ní ìparí "walked." Kò gbọ́ ọ, nítorí náà kò pè é, ohun tí kò sì pè, kò ní kọ. Nígbà tí olùkọ́ bá fi táàdà pupa kọ "Àìbìkítà" sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó ti pe àrùn ní orúkọ mìíràn. Kì í ṣe ọkàn ọmọ náà ni kò sí níbẹ̀; etí rẹ̀ ni a kò tíì là.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọ̀rọ̀ aláìgbọ́ràn dé, àwọn tí kò gba "-ed" rárá. Wọ́n tó bí 200, àwọn gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́: jíjẹ, mímu, lílọ, bíbọ̀, rírí, fífún. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wò wọ́n dáadáa, yóò rí i pé ìdílé ìdílé ni wọ́n wà. "Keep," "sleep" àti "sweep" jẹ́ ọmọ ìyá. "Kept," "slept," "swept" ni wọ́n dà. "Ring," "sing" àti "drink" jẹ́ ìdílé mìíràn. "Rang," "sang," "drank" ni tiwọn. "Teach," "catch," "buy," "bring" àti "think" kò jọra ní ọjọ́ òní, ṣùgbọ́n ní ti àná gbogbo wọn lọ sí ojúbọ kan náà: "taught," "caught," "bought," "brought," "thought." "Cut" àti "put" kì í pa aṣọ dà rárá, bí ẹni pé ọmọ Yorùbá ni wọ́n. "Read" kò yí padà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ó yí padà ní ẹnu. Bí a bá kọ́ ọmọ ní ìdílé kan ní ọ̀sẹ̀ kan, ọdún kan kò ní parí kí ó tó mọ gbogbo agbo ilé náà.

"Go" ni ó ń ya ọmọdé lẹ́nu jù. Báwo ni "go" ṣe di "went"? Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún un, nítorí òtítọ́ náà dùn. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà ní ayé àtijọ́ tí í ṣe "wend," tí òun náà jẹ́ lílọ. Bí "send" ti di "sent," tí "spend" ti di "spent," bẹ́ẹ̀ ni "wend" di "went." "Go" ti ní ọ̀rọ̀ àná tirẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó sọnù, ó sì wá yá ti "wend" wọ̀. Láti ìgbà náà kò dá a padà. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí lẹ́ẹ̀kan kò ní kọ "goed" mọ́.

Ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún àwa tí a jẹ́ ará ilé ìjọ. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí a tẹ̀ ní ọdún 1611 ni ọ̀pọ̀ àwọn baba wa fi mọ Gẹ̀ẹ́sì kà, nínú rẹ̀ ni a sì ti rí "spake" àti "brake" àti "gat." Ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ ni wọ́n nígbà náà. Lónìí "spoke," "broke" àti "got" ni a ń kọ. Bí ọmọ kan bá kọ "spake" nínú lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí a má ṣe fi í rẹ́rìn-ín. Kí a sọ fún un pé aṣọ ìsìn ni èyí, pé a kì í wọ̀ ọ́ lọ sí ọjà.

Ìdẹkùn kan tún wà tí ó ń mú àwọn tí ó tilẹ̀ ti mọ "went" àti "bought." Bí a bá fẹ́ béèrè tàbí kí a sẹ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa pe "did" jáde. Bí "did" bá ti jáde, òun ni yóò gba ẹrù àná sí orí, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó kù á sì padà sí ipò rẹ̀ àtilẹ̀wá. "Did you go?" ni a ń wí, kì í ṣe "Did you went?" "I did not write" ni, kì í ṣe "I did not wrote." Ọmọ tí ó sọ pé "Did you went" kò gọ̀, ó ti kọ́ pé àná gbọ́dọ̀ hàn, ó sì fi hàn ní ẹ̀ẹ̀mejì kí ó má baà jẹ gbèsè. Ẹ sọ fún un pé ènìyàn méjì kì í ru igbá kan. Bí ọ̀kan bá ti gbé e, kí èkejì fi ọwọ́ lásán rìn.

Ní ti "ti" àti "have," ọ̀nà wọn jọra títí dé ibì kan, wọ́n sì pínyà níbẹ̀. A lè sọ ní Yorùbá pé, "Mo ti rí i ní àná," kò sì sí ẹni tí yóò ta kò wá. Ṣùgbọ́n "have" ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í jókòó pẹ̀lú "yesterday." Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà ní àná, èkejì wà ní òní, kò sì fẹ́ kí a ti ìlẹ̀kùn mọ́ òun sí ọjọ́ kan. Bí a bá ti dá ọjọ́, "I saw him yesterday" ni a ó wí. Bí a kò bá dá ọjọ́, tí ohun tí a fẹ́ kí wọn mọ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ní agbára títí di ìsinsìnyí, "I have seen him" ni. Ẹni tí ó wí pé "I have paid" ń sọ pé òun kò jẹ gbèsè. Ẹni tí ó wí pé "I paid on Tuesday" ń pe ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ méjì ni, ìlò wọn sì yàtọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "máa ń." Bí a bá wí pé, "A máa ń pọn omi fún olùkọ́ wa," ẹni tí ó gbọ́ kò tíì mọ̀ bóyá a ṣì ń pọn ọ́n títí di òní. "We used to fetch water" kò fi èyí pamọ́: ó ti dópin. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ yìí fi yẹ àwọn àgbà tí wọ́n ń ròyìn ìgbà èwe wọn ní ilé ẹ̀kọ́, agogo òwúrọ̀, ọgbà tí wọ́n ń gbá, síléètì tí wọ́n ń fi ewé nù. Ohun tí ó ti lọ tí kò ní padà ni a fi ń sọ.

Ní báyìí a dé ibi tí ó le jù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Kíka ọjọ́ ni. Nígbà tí Yorùbá bá ń ka ọjọ́, a máa ń ka ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin mọ́ ọn. Òní ni ọ̀kan, àná ni èjì, ọjọ́ tí ó ṣáájú àná ni ẹ̀ta. Nítorí náà ni a fi ń pè é ní ìjẹta. Ọjà tí a ń pè ní ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ó ń padà dé bí a bá fi ìṣirò Gẹ̀ẹ́sì kà á. Ìtàdógún, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ 17, jẹ́ ọjọ́ 16. Àwọn Júù náà kà á bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni a sin Olúwa wa, ọjọ́ Àìkú ni ó jíǹde, a sì wí pé ní ọjọ́ kẹta. Òru méjì péré ni ó wà láàárín, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni ìka fọwọ́ kàn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá wí pé "two days ago," òru méjì ni wọ́n kà. Ìjẹta ni ìyẹn. "Three days ago" jẹ́ ìjẹrin.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé kí ni ọjọ́ kan ṣoṣo lè dà. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹrin, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ.

Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Olùkọ́ ń pe orúkọ àwọn tí wọn kò tíì san owó ilé ẹ̀kọ́, ó sì pe ọmọkùnrin kan tí ó ń ti abúlé wá, ọmọ opó kan tí ó ń ta ẹ̀kọ. Òfin ilé ẹ̀kọ́ náà ni pé a kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá láti ìgbà tí agogo òwúrọ̀ bá ti lù. Ọmọ náà dìde, ó sì wí pé, "My mother pay the money three days ago." Ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀ ni pé ìyá òun san án ní ìjẹta. Olùkọ́ bi í bóyá ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá san án ni tàbí ó ti san án. Ọmọ náà kò mọ bí yóò ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ó tún wí pé, "She pay." Olùkọ́ ṣí ìwé owó, ó wo ọjọ́ Ajé, kò rí orúkọ. Ó pa ìwé dé. Ó ní olè ni olùrànlọ́wọ́ irọ́, ó sì nà án ní ẹgba mẹ́fà ní ojú gbogbo wa, ó sì ní kí ó máa lọ sí ilé, kí ó má padà láìmú owó dání.

Olùkọ́ náà gbọ́ Yorùbá. Ọmọ Yorùbá ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ní èdè ìyá àwọn méjèèjì ni ì bá parí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ kejì ni ìyá ọmọ náà wá, ó gbé igbá ẹ̀kọ kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo san án ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọwọ́ yín ni mo sì fi í lé." Wọ́n ṣí ojú ewé kan síwájú. Orúkọ ọmọ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye owó náà, ní ìkọ̀wé olùkọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kí ó padà wá sí kíláàsì. Kò sí ẹni tí ó sọ ohun mìíràn fún un. Ó padà wá nítòótọ́, ó sì jókòó sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí tí a fi kúrò ní kíláàsì náà, a kò tún gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ àfi bí a bá ń kà pọ̀. Nígbà tí ọdún parí, kò wá mọ́. Ọmọ tí ó mọ ìṣirò jù wá lọ ni.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí a kò fi gbà pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. "-Ed" kan ṣoṣo àti òru kan ṣoṣo ni wọ́n sọ olóòótọ́ di òpùrọ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń wí ni pé kí a pa èdè Gẹ̀ẹ́sì tì. Ẹ wo Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó Ọ̀ṣoògùn, ìlú rẹ̀, tí wọ́n sì mú un ní ẹrú. Ní ọdún 1822 ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró, níbi tí wọ́n ti fi í sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ròyìn pé láàárín bí oṣù mẹ́fà òun ti lè ka Májẹ̀mú Titun, wọ́n sì fi òun ṣe mọ́nítọ̀, kọ́bọ̀ méje ààbọ̀ ní oṣù kan. Ní ọdún 1837, nígbà tí ó ti di olùkọ́, ó kọ lẹ́tà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí ẹgbẹ́ Ìjọ tí ó rán àwọn míṣọ́nnárì, ó sì ròyìn ọjọ́ tí wọ́n kó ìlú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bí wọ́n ti sá, bí wọ́n ti dè wọ́n, bí wọ́n ti yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn tí kò rí Ọ̀ṣoògùn rí kà á, wọ́n sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àwa náà sì ń kà á títí di òní. Bí ọkùnrin yìí kò bá mọ bí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ àná ní èdè náà, tálákà kan ṣoṣo ni ì bá jẹ́ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí a kò gbọ́ ohùn wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1843 ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde, ní ọdún 1852 ó sì tún tẹ èyí tí ó gbòòrò sí i, pẹ̀lú gírámà èdè wa nínú rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ilé àjèjì náà ni ó padà wá to ilé baba rẹ̀. Kò rí ìjà láàárín àwọn méjèèjì.

Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá wà lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàárín ẹ̀kọ́, láti ọwọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà ròyìn pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn, pé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọmọ tí ó bá ti mọ ohun tí òun fẹ́ wí ní èdè kan kò ní pẹ́ kí ó tó rí ọ̀nà wí i ní òmíràn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ gba ìmọ̀ràn díẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó ṣí ìwé kankan, ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta sọ ohun tí wọ́n ṣe ní àná. Kí wọn sọ ọ́ ní Yorùbá ná, lẹ́yìn náà ní Gẹ̀ẹ́sì, kí gbogbo kíláàsì sì wá ọ̀rọ̀ tí ó pa aṣọ dà nínú rẹ̀. Ẹ fi kàlẹ́ńdà kọ́ ara ògiri, kí ẹ sì kọ́ wọn láti ka òru dípò ọ̀sán nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wí pé "ago." Ẹ fi ìdílé ọ̀rọ̀ kan sí ojú pátákó ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì pa á rẹ́ títí ọ̀sẹ̀ yóò fi pé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti owó tí ó sọnù, tàbí ti ìjà, tàbí ti ẹni tí kò wá sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ gbé gírámà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ bi ọmọ náà ní èdè tí ó fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. A kì í fi èdè tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ dá a lẹ́jọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù "went" àti "taught" bà yín. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń wo ẹ̀yìn kí ó sì sọ ohun tí ó rí ti ń dàgbà nìyẹn. Ẹ máa kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí yín sílẹ̀, ìlà mẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ yìí ní Yorùbá, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín ní ọjọ́ kan pé ta ni ó san owó, nígbà wo ni, ọwọ́ ta ni a sì fi í lé, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ rí ọ̀rọ̀ fi dáhùn, kí Ó sì fún ẹni tí ó bi yín ní etí tí yóò fi gbọ́.